Ọjọ́ Mẹ́rin Nínú Ọkọ̀ Onígbòkun

Ìrìn àjò kan ni mo fẹ́ rò fún yín. Orí omi la ti rìn ín, nínú ọkọ̀ onígi kékeré tí ìgbòkun ń gbé lọ, ọjọ́ mẹ́rin gbáko, ní etíkun ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá jẹ́ mọ́tò ni mo wọ̀, wákàtí mẹ́ta kò ní pé kí n tó yí gbogbo ibẹ̀ po tán.

Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló gbé ọmọ Yorùbá débẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ní Ipswich, ìlú kan ní Suffolk tí odò Orwell ń gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá lọ sókun. Aládùúgbò mi kan, bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ló ni ọkọ̀ náà. Ọdún mẹ́ta ló fi ń pè mí pé kí n ká lọ, tí mò ń yẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù omi ló ń bà mí. Èbúté-Mẹ́ta ni wọ́n bí mi sí, ọ̀sà kò jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé wa, ṣùgbọ́n ìyá wa kò jẹ́ kí a fẹsẹ̀ kàn án. Ó ní omi kì í mọ ọmọ ẹnìkan. Bẹ́ẹ̀ ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyá wa, bàbá tó bí i lọ́mọ sì fi ọkọ̀ onígbòkun ná ọjà Èjìnrìn títí tó fi darúgbó. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ Èjìnrìn yẹn pamọ́ díẹ̀. N óò padà sí i.

Pin Mill lorúkọ abúlé tí ọkọ̀ bàbá wà. Bí ẹ bá débẹ̀ nígbà tí omi ti fà, ẹrẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ rí, ẹrẹ̀ dúdú tó ń dán, tí ọkọ̀ ńlá ńlá jókòó lé bí màlúù tó ń jẹ àpọ́jẹ. Nígbà tó bá tó wákàtí mẹ́fà, omi á ti wọlé, gbogbo wọn á ti léfòó. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ibẹ̀ ń kún, lẹ́ẹ̀mejì ló ń fà, ìyàtọ̀ àárín kíkún àti fífà sì lè tó mítà mẹ́ta àbọ̀. Tiwa ní etíkun Èkó kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tó ní ọkọ̀ níbẹ̀ kì í fi aago ọwọ́ rẹ̀ ṣètò ọjọ́. Ìwé kékeré kan ló máa wò, tó ń sọ ìgbà tí omi yóò kún àti ìgbà tí yóò fà. Ìgbà tí bàbá pè mí lórí fóònù, ohun tó sọ ni pé, "Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú la máa gbéra. Bó o bá fi wákàtí kan pẹ́, ó di ọ̀la." Mo débẹ̀ ní aago méje.

Àwọn ọkọ̀ ńlá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, mo gbọ́dọ̀ dúró lórí wọn díẹ̀. Wọ́n ń pè wọ́n ní Thames barge. Ìsàlẹ̀ wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, kí wọ́n lè jókòó sórí ẹrẹ̀ láìdojúdé. Ìgbòkun wọn pupa rúsúrúsú bí obì tó gbó. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún méjì lójú omi yẹn. Koríko gbígbẹ ni wọ́n ń kó láti oko lọ fún àwọn ẹṣin London, ìgbẹ́ ẹṣin ni wọ́n sì ń kó bọ̀ wá fún oko. Wọ́n ń kó bíríkì, wọ́n ń kó ọkà. Ọkọ̀ tó gùn tó mítà mẹ́rìnlélógún, tó lè gbé ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù ẹrù, ọkùnrin kan àti ọmọdékùnrin kan ni wọ́n sábà fi ń tù ú. Ọdún 1970 ni èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Cambria, jáwọ́ nínú fífi ìgbòkun nìkan kó ẹrù ajé. Bob Roberts ni ọ̀gá atukọ̀ rẹ̀. Àwọn ìyókù tí wọ́n kù, àwọn èèyàn tún wọn ṣe, wọ́n ń kùn wọ́n lọ́dà, wọ́n sì ń fi wọ́n díje lọ́dọọdún.

Ọkọ̀ tiwa kò tó ìdajì wọn. Ẹsẹ̀ bàtà 28 péré ni, igi ni látòkè délẹ̀, wọ́n sì ti kàn án kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ́ sílẹ̀. Igi gígùn kan yọ níwájú rẹ̀ bí ẹnu ẹyẹ. Nínú rẹ̀, ibùsùn méjì tó kéré bíi bẹ́ǹṣì ilé ìwé, sítóòfù olójú méjì, fìtílà kan tí wọ́n fi irin gbé kọ́. Mi ò lè nà ró nínú rẹ̀. Ó ń rùn ọ̀dà, epo àti igi àtijọ́, òórùn kan tó rán mi létí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tó wà níwájú ilé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bàbá kọ́kọ́ wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì fún mi, ó so ó pinpin fúnra rẹ̀, ó ní mi ò gbọ́dọ̀ bọ́ ọ títí a ó fi padà.

Ìgbà tó tó láti ta ìgbòkun, ó pè mí wá sídìí òpó. Ìgbòkun ńlá yẹn, igun mẹ́rin ló ní, igi kan ló sì gba etí rẹ̀ òkè kọjá. Okùn méjì ló ń gbé e gòkè. Ọ̀kan ń fa ìdí igi náà níbi tó ti gbá òpó mú, èkejì ń fa ṣóńṣó rẹ̀. Bàbá di ti ìdí mú, èmi di ti ṣóńṣó. Méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ máa lọ ni. Bí ọ̀kan bá yá ju èkejì lọ, igi á há. Èmi kọ́kọ́ ń fi agbára fà á bí ẹni ń fami nínú kànga, ó sì há lóòótọ́. Bàbá ní, "Má wo òkè. Ọwọ́ mi ni kó o máa wò." Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tó ti hunjọ, tí okùn ti sọ di líle bí èèpo igi. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, tèmi sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, a bára mu, ìgbòkun sì ń gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́. Atẹ́gùn kó sí i nínú, ó yọ ikùn, ọkọ̀ fì díẹ̀ sápá kan, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Kò sí ariwo kankan. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Gbogbo ohun tó ń gbé mi rìn láti kékeré ló ń pariwo, láti mólúè títí dé ọkọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń gbọ́ kò ju kí omi máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lábẹ́ pákó, kí okùn sì máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí àga onígi. Ẹ̀rù tí mo gbé wá látilé, mi ò mọ ìgbà tó bọ́ sílẹ̀.

Iwájú ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ̀ onígbòkun kò sì lè dojú kọ atẹ́gùn tààrà. Yóò dà á sọ́tùn-ún, yóò lọ díẹ̀, yóò tún dà á sósì, bí ẹni ń gun òkè tí kò ṣeé gbà níwájú. Ní gbogbo ìgbà tí a bá yí i padà, ìgbòkun á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, igi ńlá ìsàlẹ̀ rẹ̀ á fò kọjá lókè orí wa, bàbá á sì ké sí mi kí n tẹrí ba. Ojú odò tí èèyàn ń wò yìí, ọ̀nà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ fún wa. A rí ilé kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Omi tó ń fà lọ sókun ń gbé wa lọ pẹ̀lú, nítorí náà bí a ṣe ń ta gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́ yẹn náà la ṣì ń sún síwájú.

Ní ẹnu odò, a kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Felixstowe, èbúté kọ̀ǹtẹ́nà tó tóbi jù ní Britain. Àwọn ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gùn tó irinwó mítà. Mo gbójú sókè títí ọrùn ń ro mí. Bàbá kò tiẹ̀ wò wọ́n. Àmì pupa àti àmì aláwọ̀ ewéko tó léfòó lójú omi ni ojú tiẹ̀ wà: ẹni tó bá ń bọ̀ látòkun, kó fi pupa sọ́wọ́ òsì, kó fi ewéko sọ́wọ́ ọ̀tún. Àwa ń jáde ni, nítorí náà ó yí padà fún wa. Lódìkejì ni Harwich wà, ìlú Christopher Jones tó tukọ̀ Mayflower lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1620. A da ìdákọ̀ró sómi nítòsí ibẹ̀, a sùn.

Lọ́jọ́ kejì la wọ ibi tí wọ́n ń pè ní Walton Backwaters. Ẹni tó bá mọ àwọn ojú omi tóóró tó yí Ìlàjẹ ká, ó ti mọ ibẹ̀ ná, àfi pé kò sí ọ̀pẹ, kò sì sí igi ẹ̀gbà. Ojú omi kan á bí òmíràn, koríko etí omi á yí yín ká, ẹ ò ní mọ èyí tẹ́ ẹ bá wọlé. Ẹ̀ka igi ni wọ́n rì mọ́ ẹrẹ̀ láti fi júwe ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí àwọn apẹja wa ṣe ń ṣe lórí ọ̀sà. Ọ̀pá gígùn kan wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú, tí bàbá fi ń wọ̀n bí omi ṣe jìn sí. Ó gún un sísàlẹ̀, ó wo ibi tí omi dé lára rẹ̀, ó fà á yọ. Nígbà tí mo rí i tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo rí àwòrán bàbá ìyá mi tí wọ́n gbé kọ́ ní yàrá àlejò wa. Ó dúró lẹ́yìn ọkọ̀ tòun ti ọ̀pá lọ́wọ́.

Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà fún nǹkan bíi wákàtí méjì nígbà tí bàbá fún mi ní ìtọ́kọ̀. Ó sọ fún mi kí n má kúrò láàárín. Mo rí kọ̀rọ̀ kan níwájú, ó dà bíi pé mo lè gé e kọjá. Mo gé e. Ọkọ̀ fà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n di aṣọ mú, ó sì dúró. Ẹrẹ̀ ti gbà wá. Bàbá ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe, ó dá ìgbòkun sápá kan, ó fi ọ̀pá tì, a ò kúrò. Ó wo aago, ó wo ìwé rẹ̀, ó jókòó. Wákàtí tó lé ní mẹ́jọ ni omi yóò fi lọ tí yóò fi padà dé ibi tó wà nígbà tí mo gbé wa gúnlẹ̀. Mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ní kó máa bínú. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ó ní, "Ibo lò ń kánjú lọ? Ibi tí a wà yìí náà là ń bọ̀."

Omi fà tán. Ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, àwa náà fẹ̀yìn ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bí ẹni tó fẹ̀yìn tìgànná. Kò ṣeé dáná mọ́ nítorí bí ilẹ̀ ṣe dàgẹ̀rẹ̀, bàbá sì ti pa gáàsì. Mo rántí pé gaàrí Ìjẹ̀bú wà nínú báàgì mi, pẹ̀lú ẹ̀pà àti ṣúgà. Mo bu omi tútù sí i nínú kọ́ọ̀bù irin méjì. Bàbá tọ́ ọ wò, ó kan lẹ́nu rẹ̀, ó wò mí, ó tún bù ú. Ó ní kí n sọ orúkọ rẹ̀ kí òun kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀. Ó kọ ọ́: gaàrí. Ó wà nínú ìwé náà títí di báyìí, pẹ̀lú ọjọ́, aago àti apá ibi tí atẹ́gùn ti fẹ́.

Níbi tí a jókòó sí yẹn ni wọ́n ti wá. Ẹran omi kan wà tí wọ́n ń pè ní seal. Ojú rẹ̀ dà bíi ti ajá, ara rẹ̀ rí bọ̀rọ́gìdì bí ẹja ńlá. Mo ti rí i nínú fíìmù, aláwọ̀ eérú ni mo mọ̀ ọ́n sí. Àwọn ti Walton pupa. Irin wà nínú ẹrẹ̀ ibẹ̀, bí wọ́n ṣe ń yí nínú rẹ̀ ló ń pa irun wọn láró. Orí wọn títí dé èjìká pọ́n bí ẹni tó fi osùn para. Mẹ́fà ni wọ́n, wọ́n sùn sórí ẹrẹ̀ ní òdìkejì, kò tó ibi tí èèyàn lè ju òkúta dé. Ọ̀kan gbórí sókè, ó wò wá títí, ó tún gbórí lélẹ̀. Ká ní mo kọ́kọ́ tẹ̀ lé ọ̀nà, mi ò bá má rí wọn. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, omi ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń kún ipa ẹsẹ̀ ẹyẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ dún kàá lẹ́ẹ̀kan, ó mira, ó dìde.

Ọjọ́ kẹta la lọ sí odò Deben. Òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ omi ní ẹnu odò yẹn, ìgbì ń sún un kiri, ibi tí ọ̀nà gbà lọ́dún tó kọjá kì í ṣe ibẹ̀ ló máa gbà lọ́dún yìí. A dúró níta títí omi fi tó, a sì bá omi wọlé lọ sí Woodbridge. Ilé ọlọ kan wà létí omi níbẹ̀ tí òkun ló ń lọ ọkà fún un: omi tó bá kún ni wọ́n ń sé mọ́lé, bí ti ìta bá fà tán, wọ́n á ṣí i kó yí kẹ̀kẹ́. Ilé ọlọ ti wà lójú ibẹ̀ láti ọdún 1170, èyí tó dúró báyìí jẹ́ ti 1793.

Lódìkejì odò ni òkè Sutton Hoo. Ní ọdún 1938, obìnrin kan tó ni ilẹ̀ náà, Edith Pretty, gba Basil Brown kó bá òun wú àwọn òkìtì tó wà níbẹ̀. Lọ́dún 1939, sàréè kan tí wọ́n gbà pé ti ọba ni ni Brown wú kàn. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ odidi kan wọ ilẹ̀ pẹ̀lú òkú náà láti ọ̀rúndún keje, ọkọ̀ tó gùn tó mítà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Igi rẹ̀ ti jẹrà tán, kò ku ẹyọ pákó kan. Ohun tó kù kò ju àwọn ìṣó irin lọ, lẹ́sẹẹsẹ, àti ojú àpá ọkọ̀ náà lára iyanrìn. Ojú àpá yẹn ni wọ́n wọ̀n, tí wọ́n yà. Lónìí, ní ìsàlẹ̀ ìlú Woodbridge, àwọn èèyàn ń fi igi kan irú ọkọ̀ náà gẹ́lẹ́, bó ṣe gùn tó, pẹ̀lú àáké bíi ti ayé ọjọ́un. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀dì wọn. Àwọn arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni mo bá níbẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ igi lófẹ̀ẹ́, inú wọn dùn. Látara iyanrìn lásán ni wọ́n ti ń kó ìmọ̀ baba ńlá wọn jọ padà.

Mo dúró síbẹ̀, ọ̀sà Èkó ni ọkàn mi lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba orí afárá Third Mainland kọjá, ẹ wo ìsàlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá há. Ẹ máa rí àwọn tó ń wa iyanrìn. Wọ́n ń gbé garawa, wọ́n ń gba orí àkàbà sọ̀ kalẹ̀ sínú omi lọ sísàlẹ̀ ọ̀sà, wọ́n ń bu iyanrìn gòkè títí etí ọkọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba. Lẹ́yìn náà wọ́n á ta ìgbòkun. Àkísà àti àpò tí wọ́n gán pọ̀ ni, ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun, ọ̀kan bulú, atẹ́gùn òkun á sì gbé wọn lọ sílé. Kò sí ẹ́ńjìnnì. Èmi tí mo gbé ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní ojú omi tó pa rọ́rọ́ mọ ohun tí mò ń sọ bí mo bá ní iṣẹ́ ọwọ́ ńlá nìyẹn. Láti ìgbà tí bàbá ìyá mi ti ń ná Èjìnrìn, níbi tí ará Èkó àti ará Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, ìmọ̀ yẹn kò tíì já rí. Ṣùgbọ́n òṣì là ń pè é. A ń wò ó látorí afárá, a ń ṣe wọ́n ní pẹ̀lẹ́ nínú ọkàn wa, a ń kọjá lọ. Ó dùn mí. Ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì yẹn náà, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n fi ṣe títí di 1970, kì í ṣe afẹ́. Ìgbà tó fẹ́ parun ni wọ́n tó dìde sí i. Tiwa kò tíì parun, a ò sì tíì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin, atẹ́gùn wá látẹ̀yìn, ó gbé wa wọlé sí Pin Mill láìyà síbì kankan. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pe àbúrò ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́, òun nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ bàbá wọn. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni bàbá ń pe okùn tó ń gbé ìgbòkun gòkè?" Ó dákẹ́ títí. Ó ní òun rántí aṣọ náà, òun rántí bí bàbá ṣe ń rán an lójú oòrùn tí àwọn ọmọdé ń di etí rẹ̀ mú. Ó ní ṣùgbọ́n orúkọ okùn yẹn, òun ò rántí mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi ní Ẹ̀pẹ́, ní Àgbádárìgì, ní Ìgbókòdá, ní Mákòkó, ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ àti ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gùn, bí bàbá kan bá ṣì wà nílé yín tó ti ta ìgbòkun rí, ẹ jókòó tì í lọ́la. Ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ kó máa gba ohùn rẹ̀. Ẹ bi í lórúkọ okùn kọ̀ọ̀kan, orúkọ atẹ́gùn kọ̀ọ̀kan, irú igi tí wọ́n fi ṣe òpó, àti bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ lórí ọ̀sà. Kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wa níbí. A ó gbé e sáfẹ́fẹ́, gbogbo rẹ̀, bó ṣe wù kó gùn tó.